Ayò Tòkunbọ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí mo tò jọ fúnra mi ní Ẹ̀rìn-Ilé níbí, kí n lè máa gbá géèmù ayé ọjọ́un lórí rẹ̀, ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín ló máa ń rín. Monitor rẹ̀ yọ ikùn sẹ́yìn bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ara rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bí a bá sì tàn án, ariwo rẹ̀ dà bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata lókèèrè. Wọ́n á ní, "Ṣé ohun tí àwọn èèyàn ń jù nù nìwọ wá ń kó jọ? Fóònù tó wà lápò ẹ lè ṣe gbogbo ẹ̀ jàre."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe géèmù nìkan ni mo ń wá. Bí mo ṣe ń tú ẹ̀rọ yẹn palẹ̀ tí mo tún ń tò ó, mo rí i pé ìtàn bí kọ̀ǹpútà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa wà nínú rẹ̀. Mo tún rí ìtàn ayò àwọn baba wa níbẹ̀, ibi tí mi ò rò sí rárá. Ìtàn méjèèjì ló sì ti ń lọ sí ààtàn báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ Ẹ̀RỌ ÀTIJỌ́?

Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1981 ni iléeṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní IBM PC jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí ẹnì kan lè gbé ka orí tábìlì kó máa lò ó. Intel 8088 ni ọpọlọ rẹ̀. Ìyára rẹ̀ jẹ́ 4.77 MHz, ìyẹn ni pé aago inú rẹ̀ ń lù ní nǹkan bí ìgbà 4,770,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójú wa lónìí, ìgbín ni. Lójú àwọn tó ń kọ géèmù nígbà yẹn, ẹṣin ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wojú aago kankan. Bí ẹ̀rọ yẹn ṣe yá tó gan-an ni wọ́n fi díwọ̀n eré tí ènìyàn inú géèmù á máa sá. Tí o bá wá gbé irú géèmù bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ tó yá jù, ńṣe ni gbogbo nǹkan á máa sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Kí o tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, o ti kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi bọ́tìnnì kan tó ń jẹ́ Turbo sára kọ̀ǹpútà láyé ìgbà yẹn. Orúkọ rẹ̀ ń pariwo eré sísá, àmọ́ torí kí ẹ̀rọ lè falẹ̀ fún géèmù àtijọ́ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀.

Ohùn náà ńkọ́? IBM PC kò mọ̀ ju kó máa ké píì-píì lọ. Ọdún 1989 ni iléeṣẹ́ Creative ti orílẹ̀-èdè Singapore, tí Sim Wong Hoo jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, gbé káàdì ohùn tí wọ́n ń pè ní Sound Blaster jáde. Láti ìgbà náà, àwọn géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í bá káàdì yẹn sọ̀rọ̀ tààrà, láìgba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Windows XP dé ní ọdún 2001, ó ní kò sí géèmù tó tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan káàdì bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi kí ó gba ọ̀dọ̀ òun. Báyìí ni ọ̀pọ̀ géèmù ayé DOS ṣe yadi. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ṣí mọ́ rárá.

Lóòótọ́, ètò kan wà tó ń jẹ́ DOSBox, láti ọdún 2002 ló ti wà, tó máa ń sín ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Èmi náà ń lò ó, ó sì dáa. Àmọ́ ẹni tó ń sín bàbá rẹ jẹ kì í ṣe bàbá rẹ. Mo fẹ́ rí bàbá gan-an.

BÍ MO ṢE TÒ Ó

Pentium III ni mo fi ṣe ọpọlọ rẹ̀, irú èyí tí Intel bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1999. Motherboard rẹ̀ jẹ́ 440BX, tó jáde ní 1998. Ìdí tí mo fi wá irú rẹ̀ ni pé ó wà láàárín ayé méjì. Ihò ISA wà lára rẹ̀ fún káàdì ohùn àtijọ́, ihò tuntun sì tún wà lára rẹ̀ fún káàdì àwòrán. Windows 98 ni mo fi sí i, nítorí pé DOS ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kó falẹ̀ fún géèmù àwọn ọdún 1980, mo máa ń wọ BIOS lọ, màá sì pa cache. Ẹ̀rọ tó ń sáré bí ẹ̀tù á wá máa rìn bí alábahun.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀fà ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ti kó wọn sí ẹ̀yìn sọ́ọ̀bù, òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n.

Ó ní, "Ọ̀gá mi, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe? Àwọn oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni mo kó o dè."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kó tún sọ̀rọ̀ ni."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n mú èyí tí mo bá fẹ́, kí n san iye tí àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri á san. Orí ìwọ̀n ló sì gbé e sí o, bí ẹni ń ta irin. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí àwọn onímọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, kílò ni wọ́n fi ń tà á. Bàbà inú wáyà àti góòlù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára páálí rẹ̀ ni wọ́n ń rà. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn.

Kò kọ́kọ́ tàn. Mo ṣí i, mo rí àwọn capacitor tí orí wọn ti wú bí ẹ̀kọ tó kan. Kì í ṣe tèmi nìkan nìyẹn. Ọ̀pọ̀ motherboard tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 1999 sí 2007 ló ní irú àrùn yìí, nítorí omi tí wọ́n rọ sínú capacitor wọn kò dára. Mo tú àwọn tó wú kúrò, mo jó tuntun mọ́ ọn. Mo pààrọ̀ bátìrì CR2032 tó ń bá a rántí ọjọ́. Mo gbọn eruku ọyẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún jáde nínú fáànù rẹ̀. Nígbà tí NEPA mú iná dé, ó ké píì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka RAM rẹ̀ lójú mi. Ẹni tó bá ti rí i rí mọ bó ṣe máa ń rí lára.

IBO LÓ TI WÁ?

Kọ̀ǹpútà kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa tó bí àwọn kan ṣe rò. Ní àwọn ọdún 1960, ẹ̀rọ IBM ńlá ti wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àmọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ti ìjọba, ti báńkì àti ti yunifásítì ni. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ tálákà, tòkunbọ̀ ni.

Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó wá padà wálé là ń pè ní Tòkunbọ̀. Àwa la gbé orúkọ náà lé mọ́tò, fíríìjì àti kọ̀ǹpútà tí òyìnbó ti lò kù. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni òpópó Otigba ní Ìkẹjà, tó jẹ́ àdúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé tẹ́lẹ̀, ti di ọjà kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń pè ní Computer Village. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọ́fíìsì Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń kó ẹ̀rọ wọn dànù. Wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rù ọdún 2000 tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà ni Windows XP dé tó ń béèrè ẹ̀rọ tó lágbára sí i. Ohun tí wọ́n kó dànù, ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Èkó.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní bíi kọ̀ntẹ́nà 500 ló ń gúnlẹ̀ sí Èkó lóṣooṣù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kó bíi 800 kọ̀ǹpútà tàbí monitor. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀: 400,000 lóṣù kan! Wọ́n ní ìdá 25 sí 75 nínú 100 wọn ni kò ṣeé lò, tí kò sì ṣeé tún ṣe. Ààtàn ni wọ́n ń gbé ìyókù lọ, wọ́n á dáná sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀. Òjé wà nínú gíláàsì monitor oníkùn yẹn. Àwọn ọmọdé ń fà èéfín rẹ̀ símú.

Mi ò ní torí ìyẹn sọ pé ibi nìkan ló bá wa dé. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn ló kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 1992 tí wọ́n ti dá Pólì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀fà, mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló lè ra kọ̀ǹpútà tuntun? Bíṣínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni a ti ń tẹ próójẹ̀ẹ̀tì, kàfé ni a ti ń ṣí í-méèlì, tòkunbọ̀ ló sì wà níbẹ̀. Géèmù Solitaire, tó bá Windows 3.0 wá ní 1990, ló kọ́ ọ̀pọ̀ akọ̀wé bí wọ́n ṣe ń di máòsì mú. Ẹni tó bá rí ọ̀rẹ́ tó ní dísíkẹ́ẹ̀tì á gbá Prince of Persia tí Jordan Mechner ṣe ní 1989, tàbí Doom tó jáde lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1993. Àwọn tó kọ́kọ́ tú ẹ̀rọ palẹ̀ torí kí géèmù lè ṣí, àwọn kan nínú wọn ló di ẹ̀ńjíníà tí à ń wá kiri lónìí.

AYÒ DÉ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà sí mi lọ́wọ́ nìyí. Nígbà tí ẹ̀rọ náà gbádùn, mo ní kí n wá géèmù tó dàgbà jù tí mo lè fi sí i. Mo bá géèmù wọ̀nyẹn lọ sẹ́yìn títí mo fi dé ọ̀dọ̀ èdè kan tó ń jẹ́ BASIC, tí John Kemeny àti Thomas Kurtz ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964. Nígbà yẹn, wọn kì í ra géèmù nínú páálí. Ìwé ni wọ́n ń rà, wọ́n á sì fọwọ́ ara wọn tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Èyí tó lókìkí jù nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni BASIC Computer Games tí David Ahl kó jọ. Ó kọ́kọ́ jáde ní 1973, wọ́n sì tún un ṣe ní 1978 fún àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké.

Nínú ìwé ti 1978 yẹn, láàárín géèmù àwọn òyìnbó, géèmù kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Awari. Ìwọ ọmọ Yorùbá, tí o bá gbọ́ ọ, wàá rò pé ohun tí a ń wá kiri ni. Rárá o. Ayò ni! Àwọn ará Ghana ń pe tiwọn ní oware. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ló gbé e dání, tí wọ́n fi ń pè é ní warri ní Antigua àti Barbados títí dòní. Kò sí ẹni tó fún wọn láyè gbé ọpọ́n wọ ọkọ̀. Inú orí wọn ni wọ́n gbé e sí.

Mo tẹ̀ ẹ́ sínú QBasic, ó sì ṣiṣẹ́. Mo wá pe bàbá àgbà kan ní àdúgbò wa, ẹni tó jẹ́ ọ̀ta nídìí ayò, pé, "Bàbá, ẹ wá wo ayò òyìnbó." Bàbá jókòó, wọ́n tẹjú mọ́ monitor, wọ́n ka ọmọ ayò lójú kan, wọ́n ka ti ìkejì.

"Mẹ́ta mẹ́ta kẹ̀? Ta ló kó ọmọ ayò méjìlá lọ?"

Òótọ́ lọ̀rọ̀ bàbá. Ọpọ́n ayò wa ní ojú 12, ọmọ 4 ló ń wà ní ojú kọ̀ọ̀kan, 48 ni gbogbo rẹ̀. Ti inú ìwé yẹn, mẹ́ta mẹ́ta ló wà níbẹ̀, 36 ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún fi ojú méjì kún un tí a ń gbin ọmọ sí bí a ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ayò ọlọ́pọ́n tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ní ayò òpè nìyẹn, wọ́n sì dìde. Òru méjì ni mo fi tún un kọ: mẹ́rin mẹ́rin, kí a má gbin ọmọ sílé, kí a sì máa jẹ nígbà tí ọmọ tó gbẹ̀yìn bá sọ ojú ọ̀tá di méjì tàbí mẹ́ta. Bàbá padà wá. Wọ́n na ẹ̀rọ náà ní ìgbà márùn-ún léraléra, wọ́n ní kó lọ kọ́ ayò sí i.

Àmọ́ ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní Vrije Universiteit, ní ìlú Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, ní àwọn fẹ́ mọ òpin awari yìí. Èyí tí wọ́n lò ní ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin, bíi tiwa. Wọ́n so kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀ tí ọpọlọ wọn jẹ́ 144, wọ́n fi wádìí gbogbo bí ọmọ ayò ṣe lè tò sójú ọpọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó jẹ́ ọ̀nà 889,063,398,406. Wákàtí 51 ló gbà wọ́n. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí ọ̀ta méjì bá jókòó tí ẹnikẹ́ni kò ṣì í ta, ọ̀mì ni.

Irú ọpọlọ wo ni 144 wọ̀nyẹn? Pentium III ni. Irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tí mo tò yìí. Irú èyí tí ẹ̀gbọ́n ní Ọ̀fà gbé sórí ìwọ̀n. Ohun tó rí òpin ayò ní Amsterdam, òun náà ni wọ́n ń sun lábẹ́ wáyà lọ́dọ̀ wa.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀?

Ó kàn wá gan-an ni. Ẹni tí kò bá tọ́jú nǹkan rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn á bá a tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, ọmọ ayò méjìlá á sì dín níbẹ̀. Àwọn òyìnbó gan-an ń sunkún lórí tiwọn. Ní ọdún 2023, àjọ Video Game History Foundation sọ pé nínú géèmù tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2010, ìdá 87 nínú 100 ni kò sí lórí àtẹ mọ́. Tí tiwọn bá rí bẹ́ẹ̀, mélòómélòó ni tiwa tí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń kà á?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó kan ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde tipẹ́ gbé dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta fún mi. Ewì àti ìtàn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ló wà níbẹ̀. Kò sí ihò dísíkẹ́ẹ̀tì lára láptọ́ọ̀pù ẹnikẹ́ni mọ́, Sony pàápàá sì ti ṣíwọ́ títà á ní 2011. Ẹ̀rọ géèmù mi ló ṣí wọn. Méjì ṣí, olú ti hù sára ẹ̀kẹta, kò ṣí. Mo ka ewì inú rẹ̀ láìsí àmì ohùn kankan, nítorí kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò ní i. Bíró ni wọ́n fi ń to àmì sórí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, kí wọ́n tó gbé e lọ fún fọ́tókọpì. Àwọn ewì tó wà lórí ẹ̀kẹta, ẹni tó kọ wọ́n kò rántí wọn mọ́. Ó lọ nìyẹn.

Ìgbì mìíràn sì tún ń bọ̀ o. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn Windows 10, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń lò ó ni kò lè gba Windows 11. Ẹ ò nílò babaláwo kó tó sọ ibi tí wọ́n máa kó púpọ̀ nínú wọn wá.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀rọ àtijọ́ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́, kí á gbé e sí igun kan, kí á máa gbá géèmù lórí rẹ̀ kó má bàa dípẹtà. Ẹni tí dísíkẹ́ẹ̀tì bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ilé, ní Ọ̀fà, tàbí níbikíbi, kó má jù ú nù. Ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá ẹ̀rọ ta ayò, mẹ́rin mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ wá nà án.

Ire o.